Oríkèé Páìpù àti Ohun tí À Ń Pè ní Ìdánwò: Láti Kànga Epo dé Pọ́ńpù Bantè àti Savalou

Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé mi dé ìdí ìtàn yìí. Èkíní ni oríkèé, èkejì ni ìdánwò. Nígbà tí mo ń gba ọ̀rọ̀ àwọn atúnpọ́ńpùṣe sílẹ̀ láàárín Bantè àti Savalou fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo rí i pé wọn kì í ṣe wàhálà kankan láti dárúkọ ibi tí páìpù kan ti wọ inú èkejì. Ní Bantè, Ìcà ni wọ́n ń sọ. Ní ìgboro Savalou, Mahi ló gbilẹ̀, àmọ́ Ifẹ̀ ń bẹ ní apá Tchetti. Faransé ni gbogbo wọn fi kọ́ṣẹ́. Bí oníṣẹ́ bá ń bá oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, a ní manchon. Bí ó bá ń ṣàlàyé fún ará abúlé, a ní oríkèé, bí ẹni ń sọ ti orúnkún tàbí ti ìka ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu gan-an ni. Làkúrègbé kì í mú àárín egungun, oríkèé ló ń mú.

Ìdánwò ni ó mú ìṣòro wá. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń gba kànga pọ́ńpù lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ọ̀rọ̀ Faransé tó wà níbẹ̀ ni essai, ìdánwò sì ni àwa atúmọ̀-èdè máa ń kọ sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n dán wò? Essai de pompage tí ìwé náà ń sọ kò ju pé wọ́n fa omi inú kànga fún wákàtí mélòó kan, wọ́n wo bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bí ó ṣe ń padà gòkè. Kànga ni wọ́n dán wò. Wọn kò dán páìpù wò, wọn kò sì dán oríkèé kankan wò. Ará abúlé tó gbọ́ pé wọ́n ti dán an wò gbà pé gbogbo rẹ̀ ni, láti orí títí dé ìsàlẹ̀. Àṣìgbọ́ yìí ní owó nínú, nítorí pé bí oríkèé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn tó ń pọnmi níbẹ̀ ló máa dáwó àtúnṣe.

Mo wá bi ara mi pé níbo ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dán oríkèé páìpù wò dáadáa, kí sì ni wọ́n ń ṣe sí i kí wọ́n tó sọ pé ó yege. Ìdáhùn tó kún jù kò sí nínú iṣẹ́ omi. Inú iṣẹ́ epo rọ̀bì ni mo ti bá a. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe sùúrù fún mi: irin ni a ó máa sọ fún ìgbà díẹ̀, a ó sì padà sí ọ̀rọ̀ láìpẹ́.

Eyín tó yí ẹnu páìpù ká

Páìpù tí yóò dé ìsàlẹ̀ kànga epo kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n fi ń bo ògiri kànga sábà máa ń gùn tó mítà 12, nítorí náà kànga tó jìn tó mítà 3,000 yóò gba nǹkan bí 250 páìpù. Ojú kànga ni wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń rọ̀ kọ́ lórí ihò. Lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ wọn wọra wọn: ẹnu páìpù ní eyín lóde, manchon ní eyín nínú. Mo ń pè é ní eyín nítorí pé a ti ń sọ ti eyín ayùn tipẹ́, àti pé filetage tí mo kọ́ ní ilé-ìwé kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé.

Eyín yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1841, Joseph Whitworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa gé eyín kan náà, tí igun rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 55. Ní Amẹ́ríkà, Robert Briggs ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún páìpù láàárín àwọn ọdún 1860, igun tirẹ̀ sì jẹ́ 60. Àwọn méjèèjì kò bára mu títí di òní, ẹni tó bá ti fi manchon Amẹ́ríkà sórí páìpù tí wọ́n gé lọ́nà ti Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun kan pa eyín páìpù àwọn méjèèjì pọ̀ ṣá: ẹnu páìpù náà kì í gún régé, ó máa ń tín-ín-rín síwájú, ìwọ̀n 1 nínú 16 ni ó fi ń dínkù. Bí o ṣe ń lọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ ń há.

Kànga Drake ní Titusville, ní Pennsylvania, tí wọ́n fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà ní 1859, kò jìn ju mítà 21 lọ. Nírú ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, oríkèé kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Nígbà tí kànga ń jìn sí i, tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gé eyín tirẹ̀ bí ó ti wù ú, páìpù tí wọ́n rà níhìn-ín kò wọ manchon tí wọ́n rà lọ́hùn-ún. Wọ́n dá American Petroleum Institute sílẹ̀ ní 1919, ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1924. Láti ìgbà náà ni API ti di orúkọ tí gbogbo elépo ń pè, àní àwọn tó ń sọ Faransé pàápàá.

Eyín API tó gbajúmọ̀ jù ní orí róbótó, mẹ́jọ sì ni ó máa ń wà nínú ínṣì kan. Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyí. Bí ó ti wù kí ó há tó, orí eyín kan kì í kan ìdí èkejì tán. Àlàfo tíńtín kan máa ń ṣẹ́kù, àlàfo yìí sì ń yí lọ láti inú páìpù títí dé òde, bí àtẹ̀gùn tó ń yípo nínú ilé gogoro. Oríkèé náà lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù púpọ̀ kí ó má já, síbẹ̀ kí ọ̀nà wà nínú rẹ̀ tí omi tàbí gáàsì lè gbà jáde. Gíríìsì ni wọ́n fi ń dí i. Kì í ṣe gíríìsì lásán o. Nínú èyí tí API kọ ìlànà rẹ̀, nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ni lẹ́búlẹ́bú: òjé, síńkì, bàbà àti gíráfáìtì. Àwọn lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń kún inú àlàfo náà. Nítorí náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oríkèé ń ṣe, ó ń dì mú, ó sì ń dí. Ẹni tó bá dán ọ̀kan wò kò tíì dán èkejì wò.

Omi fún ìṣẹ́jú àáyá 5

Ìdánwò àtijọ́ rọrùn. Ní ilé iṣẹ́ tó ṣe páìpù, wọ́n á dí i lẹ́nu méjèèjì, wọ́n á fi omi kún un, wọ́n á fún omi náà pọ̀ dé ìwọ̀n kan, wọ́n á dúró, wọ́n á sì wo bóyá ó jò. Ìlànà API gbà kí ìdúró yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 ó kéré tán. Nǹkan gidi ni, torí ó máa ń fi páìpù tó sán hàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Páìpù náà dùbúlẹ̀ ni, kò sí ẹni tó fà á. Ó tutù. Kò sí ohun tó ń tì í láti òde. Omi ni wọ́n lò, bẹ́ẹ̀ gáàsì máa ń gba ibi tí omi kò lè gbà. Lójú tèmi, ìyẹ̀wò ni a bá máa pe èyí ní Yorùbá, bí ìgbà tí èèyàn yẹ iṣu wò lọ́jà Savalou, tó yí i lọ yí i bọ̀ kí ó tó sanwó. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì sè é.

Lacq, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, wà lára ibi tó jẹ́ kó hàn pé ìyẹ̀wò kò tó. Ní oṣù Kejìlá 1951, kànga kẹta tí wọ́n ń lu níbẹ̀ bú jáde. Gáàsì tó wà nísàlẹ̀ wà lábẹ́ ìfúnpá tó tó nǹkan bí bar 670, ooru ibẹ̀ tó ìwọ̀n 140, nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ hydrogen sulfide, gáàsì olóró tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Myron Kinley láti Amẹ́ríkà kó wá bá wọn dá a dúró. Ohun tó ba àwọn onímọ̀ irin lẹ́rù ni pé irin alágbára tí wọ́n fọkàn tán ń ṣẹ́ bí àwo ní kété tó bá pàdé gáàsì náà. Irin tó lágbára jù nínú ìwé ló ń yára ṣẹ́ jù. Kò sí ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n nínú ilé iṣẹ́ tó sọ èyí fún wọn, torí pé kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n nínú gáàsì Lacq. Ó di 1957 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa gáàsì náà tà, pẹ̀lú irin mìíràn tí wọ́n ti dán wò nínú irú gáàsì tí yóò bá pàdé.

Ní 1965, Vallourec, ilé iṣẹ́ páìpù ní Faransé, gbé oríkèé kan jáde tí wọ́n ń pè ní VAM. Ohun tuntun inú rẹ̀ ni pé wọ́n pín iṣẹ́ méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Eyín ń dì mú. Dídí kò sí lọ́wọ́ gíríìsì mọ́: ojú irin dídán kan wà ní ẹnu páìpù tó ń fún ara rẹ̀ mọ́ ojú irin mìíràn nínú manchon, irin lórí irin. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ṣe tiwọn, oríkèé wá di ọjà tí oníkálùkù ń polówó. Bí ọjà bá ti pọ̀ báyìí, ta ni yóò sọ èyí tó dára? Kálukú ní ń sọ pé wọ́n ti dán tòun wò. Irú ìdánwò wo? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le lójú owó nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kàn wá, àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí oríkèé báyìí

API gbìyànjú pẹ̀lú ìlànà tó ń jẹ́ RP 37, tí àtúntẹ̀ rẹ̀ kejì jáde ní 1980. Ó tún kọ ọ̀kan tó kún jù, RP 5C5, ní 1990. Ní 2002, àjọ ISO gbé ISO 13679 jáde, API sì gba ìyẹn wọlé gẹ́gẹ́ bí àtúntẹ̀ RP 5C5 ní ọdún tó tẹ̀lé e. Wọ́n tún un ṣe ní 2017 àti 2019. Mo ka ti 2002 pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, mo sì máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ó yẹ kí a kọ́ nǹkan lára rẹ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọn kì í mú oríkèé tó dára jù wá. Àmọ̀ọ́mọ̀ ni wọ́n ń gé àwọn tí òṣùwọ̀n wọn wà ní etí ohun tí ìlànà gbà: eyín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ há jù, eyín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú jù, ojú ìdí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ jù. Èyí tó burú jù tí oníbàárà lè rà ni wọ́n ń dán wò. Nínú ti 2002, fún ìpele tó ga jù, ìpele kẹrin, mẹ́jọ ni wọ́n ní kí wọ́n lò. Fún ìpele kẹta, mẹ́fà. Ìpele kejì gba mẹ́rin, ìkíní gba mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún lọ́ ọ, lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé lójú kànga gidi, páìpù tó ń gbé epo gòkè a máa jáde fún àtúnṣe a sì tún padà wọlé. Níbí ni eyín ti máa ń jẹ ara wọn, tí irin kan á ya lára èkejì. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdánwò gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé oríkèé sínú férémù irin tó lè fà á bí ẹni ń fa okùn, tó sì tún lè tì í pọ̀. Wọ́n á fi gáàsì kún inú rẹ̀ kí ìfúnpá máa tì láti inú. Wọ́n á fi ìfúnpá mìíràn bò ó kí ó máa tì láti òde. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, nítorí kànga kì í fìgbà gbogbo lọ tààrà. Gbogbo rẹ̀ kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n á fà á pẹ̀lú ìfúnpá inú, wọ́n á dúró, wọ́n á wò ó. Wọ́n á tì í pọ̀ pẹ̀lú ìfúnpá inú, wọ́n á dúró. Wọ́n á tì í pọ̀ pẹ̀lú ìfúnpá òde. Báyìí ni wọ́n á ṣe yí gbogbo etí agbára irin náà po, wọ́n á yí i po padà láti apá kejì, wọ́n á tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí tí wọ́n fi ń yí i padà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Oríkèé máa ń rántí. Ẹrù tó gbé tẹ́lẹ̀ a máa yí bí ó ṣe ń gbé èyí tó dé padà, nítorí náà bí wọ́n ṣe to ẹrù tẹ̀ léra jẹ́ ara ìdánwò.

Lẹ́yìn èyí ni ooru. Wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á jẹ́ kí ó tutù, wọ́n á tún mú un gbóná, lábẹ́ ìfúnpá. Nínú ti 2002, fún ìpele kẹta àti ìkẹrin, ooru náà ní láti dé ìwọ̀n 180. Fún ìkejì, 135. Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba gáàsì tó bá yọ lára oríkèé, wọ́n á fi orí rẹ̀ sínú omi, wọ́n á sì máa ka hóhó tó ń yọ. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá yẹn, ọmọ aráyé tún padà sídìí ohun tí vulcanisateur ẹ̀bá ọ̀nà ń ṣe sí táyà kẹ̀kẹ́. Ní ìparí, èyí tó bá yege, wọn kò ní jẹ́ kó lọ. Wọ́n á fi kún ẹrù rẹ̀ títí yóò fi já tàbí títí yóò fi jò, kí wọ́n lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn yóò mọ ìdí tí èyí fi gbà mí lọ́kàn. Bí mo bá jókòó ti ẹnì kan, tí mo ní kí ó pe rà, kí ó sì pe ẹja, yóò pe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi kedere, pẹ̀lú gbogbo fáwẹ̀lì wọn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ọjà dé, tó bi í léèrè, rẹja ni yóò sọ, fáwẹ̀lì kan á sì ti lọ. Ìpàrójẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tó dúró lóun nìkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé nínú gbólóhùn ló wà. Àtẹ ọ̀rọ̀ tí à ń kà fún ènìyàn nínú yàrá jọ omi ìṣẹ́jú àáyá 5: ó wúlò, kò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé.

Kò yẹ kí a gbé àwọn elépo gẹṣin aáyán ṣá. Ìpele mẹ́rin yẹn, ẹni tó ń ra páìpù ló ń yan èyí tó fẹ́. Kànga tí wọ́n sì fi ṣe àwòkọ nínú ìlànà ni kànga àwọn tó jókòó sí ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́: kànga gáàsì jíjìn, kànga abẹ́ òkun. Ipò gidi tí wọ́n ń sọ ni ipò tiwọn.

Sèmè

Benin náà ní tirẹ̀. Ní 1968, Union Oil rí epo lábẹ́ òkun ní Sèmè, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà. Ó di 1982 kí epo tó jáde, Saga Petroleum ti ilẹ̀ Norway ni ó bá ìjọba ṣe é, nígbà tí wọ́n sì fi máa dá iṣẹ́ dúró ní 1998, nǹkan bí àgbá mílíọ̀nù 22 ni wọ́n ti wà jáde. Bí ti gbogbo kànga epo, páìpù eléyín ló wọlé sábẹ́ òkun níbẹ̀. Iṣẹ́ náà wá, ó lọ, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ sínú èdè wa. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: kò sí ẹni tó ń sọ Yorùbá tàbí Gùn tó ní láti tún oríkèé kankan ṣe. Ọ̀rọ̀ máa ń wọ èdè níbi tí ọwọ́ bá ti kan nǹkan.

Kí n sọ èyí kọjá, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da méjèèjì pọ̀: páìpù gígùn tó ń gbé epo Niger bọ̀ láti Agadem wá sí Sèmè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2,000, tí epo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi ní 2024, kì í ṣe eléyín. Wọ́n jó o pọ̀ ni. Ìtàn rẹ̀ yàtọ̀.

Páìpù wa

Ibi tí páìpù eléyín wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa ni abẹ́ pọ́ńpù. Ilẹ̀ Bantè àti Savalou jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Omi wà nínú àwọn ibi tí àpáta ti sán, a ní láti lu ihò tó jìn kí á tó bá a. Láàárín 1981 sí 1990, tí àjọ àgbáyé pè ní ọdún mẹ́wàá omi mímu, pọ́ńpù ọlọ́wọ́ tàn ká gbogbo Áfíríkà Ìwọ̀-oòrùn. India Mark II wà lára àwọn tó tàn jù, tí UNICEF bá àwọn ará Íńdíà ṣe ní àwọn ọdún 1970. Páìpù rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi síńkì bò, mítà 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 32, eyín rẹ̀ sì jẹ́ ti Whitworth, pẹ̀lú 1 nínú 16 tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún kànga tí páìpù rẹ̀ jìn tó mítà 45. Páìpù 15 ni. Ìwọ̀n wọn ń lọ sí nǹkan bí kílò 140, oríkèé tó wà lókè pátápátá ló sì ń gbé e. Èyí kò pọ̀ fún irin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń fa pọ́ńpù ló yẹ kí a wò. Bí písítọ̀n bá ń gòkè, òun ló gbé omi, ọ̀pá tó fà á ló sì ru ẹrù náà. Bí písítọ̀n bá ń sọ̀kalẹ̀, fáàfù ìsàlẹ̀ á ti, ẹrù omi á sì bọ́ sọ́rùn páìpù. Bí ojú omi bá wà ní mítà 30 sísàlẹ̀, pẹ̀lú písítọ̀n tó fẹ̀ tó mìlímítà 63.5, ẹrù tó ń bọ́ sórí páìpù tó sì ń kúrò yìí ju kílò 90 lọ. Ní ìfà 40 ní ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí 8 lójúmọ́, ìgbà 19,200 ni oríkèé ń gba ẹrù tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ní ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù 7. Kò sí férémù irin kankan tó ń ṣe èyí fún un kí ó tó dé abúlé. Àwọn ọmọ tó ń pọnmi kí wọ́n tó lọ sílé ìwé ló ń ṣe é.

Àjọ UNDP àti Báńkì Àgbáyé mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan dán pọ́ńpù wò. Iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Apá kan wà nínú ilé ìwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa pọ́ńpù kan náà fún wákàtí 4,000, tí wọ́n sì ń da iyanrìn sínú omi rẹ̀ kí ó lè dà bí ti oko. Apá kejì wà lójú kànga: nǹkan bí pọ́ńpù 2,700, oríṣi bí 70, ní orílẹ̀-èdè 17. Ní Coimbatore, ní gúúsù Íńdíà, wọ́n ṣọ́ pọ́ńpù fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo kà sí ẹ̀gbọ́n gidi ISO 13679, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí elépo kan tí yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Áfíríkà Ìwọ̀-oòrùn kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ilé ìwádìí lè tètè fi hàn. Omi inú àpáta wa sábà máa ń kan díẹ̀. Otto Langenegger, tó ṣe ìwádìí yìí fún iṣẹ́ náà, fi hàn pé bí pH omi bá ti wà lábẹ́ 6.5, síńkì tí wọ́n fi bo páìpù kò lè dáàbò bò ó mọ́. Oríkèé ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: láti gé eyín, wọ́n ní láti gé síńkì kúrò, kí wọ́n sì sọ ògiri páìpù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Omi á pupa, aṣọ tí wọ́n fọ̀ á pupa, ẹ̀kọ á yí àwọ̀ padà, àwọn ìyá á sì padà sódò. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní omi náà kò dára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi náà dára. Páìpù ló ń jẹra sínú rẹ̀.

Marc Vergnet gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1974, ní Haute-Volta tó ti di Burkina Faso báyìí, ó ṣe pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ kan tó jẹ́ pé rọ́bà gígùn kan ló ń gbé omi gòkè, láìsí ọ̀pá irin, láìsí eyín, láìsí oríkèé kankan láàárín. Ènìyàn méjì lè fa á jáde pẹ̀lú ọwọ́ wọn. Oríkèé tí kò sí kò lè jò. Àmọ́ ó ní rọ́bà kan nísàlẹ̀ tó ń wú tó sì ń fún, ìyẹn náà sì ní ọjọ́ tirẹ̀.

Kíka ìfà

Ìdánwò kan wà tí àwọn atúnpọ́ńpùṣe ń ṣe, tó sì wà nínú ìwé ìtọ́jú pọ́ńpù. Wọ́n á fa pọ́ńpù títí omi yóò fi máa jáde dáadáa. Wọ́n á fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa á, wọ́n á sì ka iye ìfà tó gbà kí omi tó yọ. Bí ó bá ju 5 lọ, omi ti sọ̀kalẹ̀ nínú páìpù: yálà fáàfù ìsàlẹ̀ kò ti dáadáa tàbí oríkèé kan ń jò. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná, aago ọwọ́ nìkan tó. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú kànga gan-an, pẹ̀lú omi gan-an, lábẹ́ ẹrù gan-an. Kò lè sọ oríkèé wo nínú gbogbo wọn, ìyẹn gba kí wọ́n fa páìpù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ibi tí ìpẹtà ti fa ìlà.

Mo bi bàbá kan ní Bantè, tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti dán an wò?" Ó dá mi lóhùn, mo sì kọ ọ́ síhìn-ín ní Yorùbá àjùmọ̀lò: "Ọmọ mi, mo ti fi í sílẹ̀, mo sì ti kà á." Kò lo dán wò rárá. Nígbà tí mo tún bi í, ó ní àwọn agbaṣẹ́ṣe ló ń dán wò. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìyẹn kò ju ayẹyẹ lọ.

Nínú àtẹ ọ̀rọ̀ tí mò ń ṣe, mo ti pinnu láti má lo ìdánwò nìkan fún essai mọ́. Fún omi ìṣẹ́jú àáyá 5, mo kọ ìyẹ̀wò. Fún essai de pompage, mo kọ ìdánwò kànga, kí orúkọ ohun tí wọ́n dán wò wà níbẹ̀, kí ó má baà fara pamọ́. Fún èyí tí wọ́n ń ṣe nínú férémù irin, ìdánwò lábẹ́ ẹrù. Fún ti bàbá yẹn, kíka ìfà, bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Olùkọ́ kan nínú ẹ̀ka wa ní ìdánwò lábẹ́ ẹrù gùn jù. Ó gùn lóòótọ́. N kò tíì rí èyí tó kúrú tó sì sọ ohun kan náà.

Ní ti ìwé tí wọ́n fi ń gba kànga, mo ti bẹ àwọn ìgbìmọ̀ pọ́ńpù méjì tí mo bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n fi ìlà kan kún un ní ìsàlẹ̀, ní èdè méjèèjì: iye ìfà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ní oṣù kẹfà, àti ní ìparí ọdún. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ni 2.